Ẹ Jẹ́ Ká Bẹ̀rẹ̀ Láti Orí Búùṣì

Kò sí ẹni tó ní fáànù nílé tí kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu oníṣẹ́ fáànù rí: "Búùṣì ẹ̀ ló ti jẹ." Òrùka idẹ kékeré tí ọ̀pá fáànù ń yí nínú rẹ̀ ni búùṣì. Owó tí oníṣẹ́ máa gbà ló sábà máa ń ká wa lára, a kì í bèèrè bí wọ́n ṣe ṣe òrùka náà. Wọn kò yọ́ ọ dà. Ìyẹ̀fun bàbà àti ìyẹ̀fun tíìnì ni wọ́n pò pọ̀, ìdá mẹ́sàn-án sí ìdá kan, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra nínú mọ́ọ̀dù, wọ́n wá gbé e sínú iná tó lé ní 800°C. Iná yẹn kò tó láti yọ́ bàbà, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kó gan pọ̀, bí amọ̀ ìkòkò ṣe ń le nínú ẹbu. Ihò tíntìntín tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ ni wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí. Bí fáànù bá ń yí, ooru á fa ọ́ìlì náà jáde. Bó bá dúró tó tutù, ọ́ìlì á padà wọlé. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí ayé ti mọ ọgbọ́n yìí. Kò sí àṣírí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́.

Àwọn tó ń ta ìwé àsọtẹ́lẹ̀ ọjà ń pariwo bílíọ̀nù dọ́là tí iṣẹ́ ìyẹ̀fun irin, ìyẹn irú iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe búùṣì yìí, yóò mú wọlé lágbàáyé lọ́dún mélòó kan sí i. Iye tí èyí pè kò bá tèkejì mu, a ò sì ní fi ọ̀kankan nínú wọn da òǹkàwé láàmú. Ohun tójú rí tó. Ní Àríwá Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ẹ̀yà ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun irin ṣe ló ń lọ sínú mọ́tò: kọ́nrọ́ọ̀dù, gíá, fáàfù síìtì. Mọ́tò tó ń lo bátìrì kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì nílò ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí àpẹẹrẹ, ẹ wo GKN, ọ̀kan nínú àwọn àgbà iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ Melrose rà á lọ́dún 2018, ó yọ apá tó ń ṣe mọ́tò àti ìyẹ̀fun irin sọ́tọ̀ lábẹ́ orúkọ Dowlais lọ́dún 2023, nígbà tó sì di oṣù Kínní ọdún 2025, American Axle, ilé-iṣẹ́ ẹ̀yà mọ́tò kan ní Amẹ́ríkà, ní òun fẹ́ ra Dowlais.

Owó tó ń kúrò lára ẹ́ńjìnnì mọ́tò ń sá lọ sí ibòmíràn. Ní ìlú Auburn ní Alabama, ẹ̀rọ General Electric ń fi iná léésà jó ìyẹ̀fun irin pọ̀ ní ìpele-ìpele títí tó fi di ẹnu tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì bàálù. Nǹkan bí 20 ẹ̀yà ni wọ́n ń tò pọ̀ tẹ́lẹ̀ láti ṣe ohun kan ṣoṣo yẹn. Ìyẹ̀fun irin mìíràn ni wọ́n fi ń ṣe mágnẹ́ẹ̀tì alágbára tó wà nínú mọ́tò bátìrì, Ṣáínà ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lọ. Nígbà tí Ṣáínà fi òfin dí ọ̀nà irú mágnẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, kò pẹ́ tí Ford fi dá iṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kan ní Chicago.

Ewu tiwa nìyí: bí ìròyìn báyìí bá dé Àbújá, wọ́n á ní mágnẹ́ẹ̀tì làwọn náà fẹ́ ṣe. A ti rí irú rẹ̀ rí. Láti ayé Ṣàgàrí ni wọ́n ti ń kọ́ ilé-iṣẹ́ irin Àjàòkúta, ilé iná ńlá rẹ̀ kò sì tíì yọ irin kankan jáde. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba tún lọ bu ọwọ́ lùwé pẹ̀lú àwọn ará Rọ́ṣíà tó kọ́ ọ níjọ́sí. A kì í ṣe ọ̀tá Àjàòkúta. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí gbogbo ọgbọ́n irin tó wà lórílẹ̀-èdè yìí jókòó dè é.

Èrò tiwa ni pé búùṣì ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ń lò. Tíìnì wà ní Jos, láti ayé òyìnbó amúnisìn ni wọ́n sì ti ń wà á níbẹ̀. Bàbà wà nínú wáyà àti mọ́tò inú ẹ̀rọ àlòkù tí àwọn oníkọ́ńdẹ̀m ń fi ọmọlanke rà káàkiri àdúgbò. Òfin ti ka páńtí irin mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó jáde ní Nàìjíríà, àwọn oníṣòwò sì ti mọ ọ̀nà gbà: wọ́n á yọ́ bàbà náà dà sínú mọ́ọ̀dù, kò jẹ́ páńtí mọ́ nìyẹn, ó di ọjà tí wọ́n ń kó sọ́kọ̀ ojú omi ní Àpápá. Ó lè jẹ́ bàbà wa gan-an ló ń padà wá bá wa nínú páálí láti Ṣáínà.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò jìnnà. Àkúrẹ́ ni EMDI wà, ilé-iṣẹ́ kan lábẹ́ NASENI, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ohun èlò bí irin. PEDI tó ń ṣe àwòṣe ẹ̀rọ wà ní Iléṣà. Yunifásítì Ifẹ̀ àti FUTA ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ẹ̀kọ́ irin lọ́dọọdún, èyí tó pọ̀ nínú wọn sì ń parí sí báǹkì, tàbí kí wọ́n já sí Kánádà. Kí ìjọba àpapọ̀ fún EMDI lówó láti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀ kan àti ilé iná kan kalẹ̀, kí wọ́n fi í ṣe búùṣì títí yóò fi bá ọjà mu, kí wọ́n wá gbé e fún aládàáni. Ẹ̀rọ náà kò ní láti jẹ́ tuntun. Bí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń dín kù ní Yúróòpù, ẹ̀rọ ìtẹ̀ á máa bọ́ sórí igbá, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó mọ tòkunbọ̀ ún rà tó wa.

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ tó ń kú lọ nílùú òyìnbó la fẹ́ gbé wálé kò parọ́ tán. Àmọ́ ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwà àti jẹnẹrétọ̀ kò tíì fẹ́ kúrò láàárín wa, fáànù ò sì bìkítà bóyá bátìrì tàbí epo ló ń gbé ayé lọ.

Iná mànàmáná ni ìṣòro tó le jù. Ẹrù tó wà nínú ilé iná á bàjẹ́ bí iná bá lọ lágbedeméjì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé owó iná àwọn oníbáǹdì A láti 68 náírà lọ sí 225 lórí yúnìtì kan. Ìdí kan nìyí tí a fi ní ká ti idẹ bẹ̀rẹ̀ ká tó kan irin: nǹkan bí 1,120°C ni ìyẹ̀fun irin ń fẹ́ ní tirẹ̀. Ilé iná kékeré tó ń lo gáàsì ìdáná lè gbé ti idẹ.

Iye tí Ṣáínà ń tà á ńkọ́? A ò lè bá wọn du owó lọ́dún kìíní. Mọ́ọ̀dù wọ́n, iye búùṣì tó bá jáde lára rẹ̀ ló sì ń dín owó rẹ̀ kù, nítorí náà ẹni tó bá ń ṣe ẹgbẹ̀rún díẹ̀ kàn ń pàdánù ni. Níbí ni àjọ SON, tó ń rí sí ìwọ̀n àti ojúlówó ọjà, ti lè ṣèrànwọ́ láìná owó púpọ̀, nítorí bí oríṣi ìwọ̀n búùṣì bá dín kù, iṣẹ́ mọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan á pọ̀ sí i. Kí wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ fáànù, kí wọ́n mọ ìwọ̀n búùṣì mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ń bàjẹ́ jù, kí wọ́n sì sọ ọ́ di òfin pé fáànù tí ìwọ̀n búùṣì rẹ̀ kò bá sí nínú wọn kò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́ láti ọdún méjì sí ìsinsìnyí.