Àtúnṣe: Catalog nìkan kọ́ ni Playdate ti ń gba géèmù

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn pé Playdate, ẹ̀rọ géèmù kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó ní ọwọ́ tí à ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lè gba géèmù kankan àfi èyí tí Panic, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, bá fọwọ́ sí. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá ti Catalog, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù inú rẹ̀, ẹ̀rọ náà di òkú.

Irọ́ ni. Òótọ́ ni pé Panic ló ń ṣa ohun tó ń wọ Catalog, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ti wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà láti 2022, wọ́n sì ti ń ra géèmù lórí itch.io, ìkànnì tí àwọn tó ń ṣe géèmù ti ń tà á, lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é gan-an. Wàá gbé fáìlì náà sórí àkáǹtì rẹ ní ìkànnì play.date, Wi-Fi á fà á wálé. O tún lè fi okùn USB so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, kí o ju fáìlì sínú fódà Games. Ìyẹn ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Panic. SDK, ìyẹn àkójọ irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ géèmù, ní èdè Lua tàbí C, ọ̀fẹ́ ni.

Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yìí ti wá: Nintendo dáwọ́ títà dúró ní eShop, ṣọ́ọ̀bù inú ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ 3DS, ní 27 oṣù Kẹta 2023, ó sì dun ọ̀pọ̀ wa. Síbẹ̀, ẹ má fi ìyẹn ba iṣẹ́ àwọn tó ń dá géèmù Playdate kọ jẹ́.