Lẹ́fẹ́ẹ̀lì kọ́ ló ń mú ọkọ̀ onípákó tọ́

Ẹ ní kí káfíńtà ilé bá yín kan ọkọ̀ ojú omi kékeré, ohun tí yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí ni lẹ́fẹ́ẹ̀lì, irinṣẹ́ tó ń fi hàn bóyá nǹkan tẹ́jú tàbí ó dúró ṣánṣán. Yóò gbé e lé igi ìpìlẹ̀, yóò gbé e lé férémù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn igi egungun tí a ń kan pákó ara ọkọ̀ mọ́. Tí atẹ́gùn kékeré inú rẹ̀ bá ti dúró sáàárín, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ nìyẹn. Lójú tirẹ̀, ohun tí lẹ́fẹ́ẹ̀lì bá ti gbà ti tọ́, ó kù kí a máa kan ìṣó. Irọ́ ni, irọ́ náà sì ń dùn mí gan-an, torí pákó ti wọ́n, ọkọ̀ tó bá sì ti lọ́ lẹ́yìn tí a kàn án tán kì í ṣeé tú kàn.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti wá. Orí ilẹ̀ ni ilé dúró sí. Tí ògiri bá fì, yóò wó. Tí férémù ilẹ̀kùn kò bá dúró ṣánṣán, ilẹ̀kùn á máa ṣí fúnra rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ilé, lẹ́fẹ́ẹ̀lì ní ọlá tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í dúró lórí ilẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni omi ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé ọ̀tún àti òsì bára mu láti iwájú dé ìdí? Tí wọ́n bá bára mu, ẹ ìbáà kàn án lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ tó tọ́ lẹ ó gbé sọ́kalẹ̀. Tí wọn kò bá bára mu, lẹ́fẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá kò lè gbà yín.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọkọ̀ fi ń wọ́. Ó lè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ìdí rẹ̀ má ṣe wà ní ọ̀gangan iwájú rẹ̀. Férémù lè dúró ní ìdábùú tí kò pé, kí etí ọ̀tún rẹ̀ síwájú, kí tòsì sẹ́yìn. Ó sì lè lọ́, kí etí ọ̀tún gbé sókè níwájú, kí tòsì gbé sókè nídìí. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹyọ kan péré ni lẹ́fẹ́ẹ̀lì lè rí, ìyẹn lílọ́. Méjì yòókù lè wà níbẹ̀ gbàgbàgbà kí atẹ́gùn inú lẹ́fẹ́ẹ̀lì má sì kúrò láàárín. Lílọ́ tó tilẹ̀ lè rí yẹn, àfi tí ilẹ̀ kò bá yẹ̀. Létí ọ̀sà, lórí iyanrìn, igi tí ẹ gbé ìpìlẹ̀ lé lè rì díẹ̀ lóru lẹ́yìn òjò. Bí ẹ bá wá gbé férémù tòní kalẹ̀ lórí ohun tí lẹ́fẹ́ẹ̀lì sọ lánàá, ẹ ti fọwọ́ ara yín kan lílọ́ mọ́ ọkọ̀.

Okùn ni kí ẹ gbára lé. Okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń ta kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù. Ẹ ta á láti iwájú dé ìdí, kó le dáadáa. Okùn máa ń sọ̀ díẹ̀ láàárín, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló ń sọ̀ sí. Kò ní yà sọ́tùn-ún, kò ní yà sósì, àyàfi tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ ẹ tàbí tí nǹkan bá fara kàn án. Kí ẹ tó gbé férémù kankan dúró, ẹ ti fa ìlà àárín sí i lára láti òkè dé ìsàlẹ̀. Okùn méjì ló dára jù, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ìlà àárín férémù kọ̀ọ̀kan kan méjèèjì. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé okùn méjèèjì fúnra wọn bára mu? Ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí, ẹ di ojú kan, ẹ fi ìkejì wo okùn òkè lórí ti ìsàlẹ̀. Tí wọ́n bá di ẹyọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó parí. Tí wọ́n bá gba ara wọn kọjá níbì kan, ọ̀kan nínú wọn ti yẹ̀.

Àwọn kan á ní tépù làwọn fi ń wọ̀n ọ́n, láti àárín iwájú dé igun ọ̀tún pákó ìdí, lẹ́yìn náà dé igun òsì, tí iye méjèèjì bá ti dọ́gba, ó tán. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní iwájú sí ìdí jẹ́ mítà 4, tí pákó ìdí sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 120. Tí igun ọ̀tún bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 síwájú, tí òsì fi sẹ̀ǹtímítà 1 sẹ́yìn, tépù yóò fi ìyàtọ̀ tó tó sẹ̀ǹtímítà 2 hàn yín. Kò sẹ́ni tí kò ní rí i. Ṣùgbọ́n tí gbogbo pákó ìdí bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 yà sọ́tùn-ún, ìyàtọ̀ tí tépù máa fi hàn kò ju mílímítà 6 lọ. Bí tépù bá sọ̀ díẹ̀, tàbí tí ọwọ́ ẹni tó dì í mú níwájú kò dúró sójú kan, mílímítà 6 ti wọlé lọ nìyẹn. Lára okùn, sẹ̀ǹtímítà 2 náà ni ẹ ó rí, kò ní dín. Tépù fún ìdábùú, okùn fún ìtẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní ti lílọ́, ẹ wá ọ̀pá méjì tó tọ́, tó gùn ju ìbú ọkọ̀ lọ dáadáa. Ẹ fi ọ̀kan dábùú etí ọkọ̀ níwájú, ọ̀kan nídìí, kí ẹ sì lọ dúró lókèèrè wo etí òkè ọ̀kan lórí ti èkejì. Ibi tí ọkọ̀ ti fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, ìyàtọ̀ mílímítà 3 yóò di mílímítà 12 lórí ọ̀pá tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 240. Ohun tó sá pa mọ́ lára ọkọ̀ ni ọ̀pá gígùn ń fà jáde.

Èyí kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà tó ń kan ọkọ̀ létí ọ̀sà wa. Ẹ wò wọ́n dáadáa: wọn a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọkọ̀, wọn a fi ojú kan wò ó lọ dé ìdí, wọn a tún lọ sídìí wò ó padà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń rò pé àìní lẹ́fẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe wọ́n kò mọ ohun tí wọ́n ń wò. Iwájú sí ìdí ni ojú àgbà ń wò, ibẹ̀ gan-an ni lẹ́fẹ́ẹ̀lì kò dé.

Férémù lè tọ́ tán, kí pákó ara ọkọ̀ tún bà á jẹ́. Pákó tí a tẹ̀ ń fẹ́ padà sí bó ṣe wà, ó sì ń fa férémù lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹni tó bá kan gbogbo apá ọ̀tún tán kó tó kan òsì ti fa ọkọ̀ lọ sápá kan. Bí ẹ bá kan ọ̀kan lọ́tùn-ún, ẹ kan èkejì rẹ̀ lósì, kó sì jẹ́ pé igi kan náà lẹ ti la méjèèjì, kí agbára wọn lè dọ́gba. Ohun tó jẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fúnra wọn kan Mirror, ọkọ̀ kékeré onígbòkun kan, nílé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 kò yàtọ̀ sí èyí púpọ̀: plywood tí wọ́n ti gé sílẹ̀ fún wọn, tọ̀tún bá tòsì mu, ni wọ́n ń fi wáyà bàbà rán pọ̀ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó bá ń yà ló wọ́. Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń yí sí apá kan lè máa fa ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì náà kúrò nínú omi, kí èèyàn méjì fi àjẹ̀ wà á lọ́tùn-ún lósì pẹ̀lú agbára kan náà. Tó bá lọ tààrà, ẹ má dá ẹni tó kàn án lẹ́bi.

Tí ẹ bá rí i pé ó ti ń lọ́ nígbà tí pákó kò tí ì yí i po, ẹ dúró. Ẹ tú pákó tí ẹ kàn gbẹ̀yìn, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú inú ọkọ̀ láti igun kan sí èkejì, ẹ fà á títí ọ̀pá méjèèjì yóò fi bára mu, kí ẹ kan igi náà mọ́ ọn. Ẹ má yọ ọ́ kúrò títí ẹ ó fi kan pákó tó gbẹ̀yìn lápá méjèèjì. Tó bá jẹ́ plywood tí a rán ni, ẹ ṣe é kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, torí tó bá ti gbẹ, bó ṣe wà lọ́jọ́ náà ni yóò wà.