Ìrántí ò pé oríṣi kan

Ẹ jọ̀ọ́, pósítì tó ń lọ káàkiri yẹn, tó ní ẹni tí ìrántí ẹ̀ bá ti bàjẹ́ ò lè kọ́ nǹkan tuntun mọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún Henry Molaison ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1953, látìgbà yẹn, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ̀rọ̀ gan-an, ó ti gbàgbé ẹ̀. Ṣùgbọ́n Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìrántí, ní kó máa fi pẹ́ńsù tọ ìlà àwòrán ìràwọ̀, inú dígí nìkan ló ti ń wo ọwọ́ ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta, àṣìṣe ẹ̀ ń dín kù lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni ò rántí pé òun ti ṣe é rí!

Ìrántí ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí ìrántí ọwọ́, ìyẹn ohun tọ́wọ́ ti mọ̀ ọ́n ṣe. Bíbéèrè "kí lẹ jẹ lánàá?" ò lè wọn èkejì, àfi kéèyàn ṣe nǹkan náà léraléra, kẹ́ ẹ máa ka àṣìṣe. Ẹ wá "mirror drawing" (títọ ìlà nígbà tẹ́ ẹ̀ ń wo ọwọ́ yín nínú dígí) lórí Google, ẹ gbìyànjú ẹ̀ nílé.