Àwòdì tó gbé ẹran lóde ìnáwó kì í ṣe àjẹ́

Níbi wòlímọ̀ kan ní Pákátà n'Ílọrin, àwòdì já wá láti òkè, ó gbé ẹran nínú abọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Èékánná rẹ̀ ha ọmọ náà lọ́wọ́. Kí a tó rí omi fọ̀ ọ́, ojú ti kúrò lára ẹyẹ, ó ti bọ́ sára ìyá àgbàlagbà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ọmọ náà bá àwọn bu omi wá. Ìyá dìde. Wọn ò jẹun, wọ́n lọ sílé.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ẹyẹ tó bá kọ lu èèyàn láàárín èrò lọ́sàn-án gangan, wọ́n rán an ni, pé nǹkan ẹni tó gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ máa bàjẹ́. Òwe tiẹ̀ wà tó gbè é lẹ́sẹ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe nìyẹn o, kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ lọ sí odò ẹran láàárọ̀, kí ẹ wòkè. Àwòdì ń já wálẹ̀ gbé ìfun, ó ń gbé ọ̀rá, lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ pé ibi ló ń tẹ̀ lé e, alápatà wo ni ì bá ṣẹ́kù n'Ílọrin?

Ẹyẹ yìí kì í sábà wúwo tó kílò kan. Apá rẹ̀ tó gùn ló ń jẹ́ kó dà bí nǹkan ńlá tó bá sún mọ́ni. Ojú rẹ̀ mú gan-an, ó lè fẹsẹ̀ gbé ẹran láìbalẹ̀, kó máa jẹ ẹ́ lọ lófurufú. Èéfín la kì í rò. Tí wọ́n bá ń sungbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwòdì a pé jọ síbẹ̀, torí tata, alángbá àti eku ń sá jáde. Ẹyẹ tó mọ̀ pé oúnjẹ wà níbi tí èéfín ti ń rú, ṣé kò ní yà síbi tí a ti ń dín ẹran níta gbangba? Ẹ̀ẹ̀rùn tí ìnáwó ń pọ̀ náà ni àwòdì ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí òjò bá wọlé dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn a forí lé ìhà àríwá.

Ẹ tún wo ẹni tó ń gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀: ẹni tó gbé abọ́ dúró nínú oòrùn láìbò ó ni, kì í ṣe ẹni tó wà lábẹ́ kánópì. Ẹ dé abọ́ ẹran, kí ẹ sì bù ú fún àwọn ọmọdé lábẹ́ ibòji. Tó bá ha èèyàn, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́. Tó bá jinlẹ̀, ó di ọsibítù.

Ọwọ́ ọmọ náà ti jinná tipẹ́. Mo gbé oúnjẹ lọ bá ìyá nílé lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbà á, wọ́n ṣàdúrà fún ọmọ. Àmọ́ n ò tíì rí wọn lóde ìnáwó kankan ládùúgbò wa láti ọjọ́ náà.