Ẹ yé bi mí pé "àwòrán ńkọ́"

Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá fi lìǹkì géèmù ìtàn ránṣẹ́ séèyàn tónítọ̀hún á ní "àwòrán ẹ̀ dà, ṣé wọn ò tíì ṣe é tán ni?" Wọ́n ti ṣe é tán o. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni géèmù náà. O máa kà á díẹ̀, á bi ẹ́ pé kí lo fẹ́ ṣe, o tẹ ọ̀kan, ìtàn á yà gba ibi tó o tẹ̀. Zoe Quinn fi Twine, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ irú géèmù yìí, ṣe Depression Quest lọ́dún 2013, nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ohun tó yẹ kó o ṣe á wà níwájú ẹ kedere, àmọ́ wọ́n ti fa ìlà sí i lórí, kò ṣe é tẹ̀. Ìlà tí wọ́n fà yẹn ló jẹ́ kó yé mi pé ẹni tí àìsàn yẹn ń ṣe mọ ohun tó yẹ kó ṣe, agbára ẹ̀ ni ò sí. Àwòrán wo ló fẹ́ sọ ìyẹn fún mi?

Iṣẹ́ tí ojú ò rí làwọn tó ń kọ géèmù ìtàn ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: tí ìtàn bá ń pín sí méjì ní gbogbo ìgbà tó bá bi ẹ́ ní nǹkan, tó sì bi ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá péré, ọ̀nà 1,024 nìyẹn. Ta ló fẹ́ kọ ìyẹn tán? Ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń kó àwọn ọ̀nà yẹn padà sójú kan, wọ́n á wá jẹ́ kí géèmù rántí ohun tó o ti ṣe. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ohun tẹ́ni yẹn fi òru kọ, ìwọ tó o ṣe é lẹ́ẹ̀kan o ò ní kà á láyé.

Èmi náà gbé Twine lọ́dún tó kọjá. Chris Klimas ló gbé e jáde ní 2009, ọ̀fẹ́ ni, tó o bá ti fi [[ ]] yí ọ̀rọ̀ ká ó ti di lìǹkì nìyẹn, fáìlì kan ṣoṣo ló máa fún ẹ tó o bá parí, fóònù lásán á ṣí i. Ìtàn tèmi, ọmọ kan lọ kí ìyá àgbà ní Ìsẹ́yìn. Ìyá gbé àmàlà síwájú ẹ: ṣé wàá jẹun, àbí wàá ní o ti yó? Tó o bá ní o ti yó, kò ní bínú lójú ẹ, á kàn bo àwo yẹn ni, àmọ́ tó bá dalẹ́ tó yẹ kó fi oríkì pè ẹ́, orúkọ tí wọ́n ń pè ẹ́ nílé ìwé ló máa pè. Ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn gbà mí, torí gbogbo ibi tí ìyá bá ti lanu lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo ní láti kọ lẹ́ẹ̀mejì.

Èdè wa sì gbé tiẹ̀ dé. Ọ̀pọ̀ géèmù Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ́kọ́ bi ẹ́ ṣé ọkùnrin ni ẹ́ àbí obìnrin, kó lè mọ bó ṣe máa pè ẹ́, "ó" tiwa gba tọkùnrin tobìnrin, ibi oríkì nìkan ni mo ti ní láti béèrè, Àjọkẹ́ ni àbí Àjàní. "O" àti "ẹ" ló wá dá mi dúró. Ta lẹni tó ń sọ ìtàn tó fi ń pe ẹni tó ń kà á ní "o", tó bá jẹ́ màmá ẹnìkan ló ṣí i ńkọ́? Mo rò ó títí, mo wá jẹ́ kí ìyá àgbà fúnra ẹ̀ sọ gbogbo ìtàn, torí ta ni ò lè pè ní "o"?

Lórí itch.io, ìkànnì táwọn tó ń ṣe géèmù ti ń gbé iṣẹ́ wọn síta, ọ̀pọ̀ wọn á ní kó o san iye tó bá wù ẹ́, òdo náà wà níbẹ̀. Mo ti tẹ òdo yẹn rí, lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Tówó ò bá sí, IFComp wà, ìdíje géèmù ìtàn ni, láti 1995 ni wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni lè dá àwọn géèmù ibẹ̀ lẹ́jọ́, márùn-ún péré lo máa ṣe kí ìbò ẹ tó wọlé. Ẹ ṣáà sọ fún ẹni tó kọ ọ́ pé ẹ kà á.

Tèmi ò tíì parí o. Ó ku ibi tọ́mọ yẹn ti fẹ́ padà sí Èkó, tí ìyá tún gbé oúnjẹ kalẹ̀.