Ta ló ní Gánà nìkan la ti ń gbafẹ́?

Wọ́n tún ti sọ ọ́. Ẹnì kan ní Sùúrùlérè béèrè ibi tó lè kó ìyàwó àti ọmọ méjì lọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Mọ́tò ni wọ́n máa wọ̀, kò sówó bàálù. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti dá a lóhùn: "Gánà ni o, jàre. Kí lo fẹ́ lọ ṣe ní Kútọnu? Ṣé tòkúnbọ̀ lo fẹ́ rà ni?" Ẹ̀rín sọ, ó parí.

Kò parí o. Ọ̀rọ̀ yìí ti di àkọ́sórí l'Ékòó, láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Agége, àwọn tó sì ń sọ ọ́ jù ni àwọn tí kò kọjá ọgbà ọkọ̀ rí ní Kútọnu. Ká tilẹ̀ kọ́kọ́ tún orúkọ ṣe. Kútọnu, ìlú kan ṣoṣo ni. Bẹ̀nẹ̀ ni orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́, Àjàṣẹ́ tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo sì ni olú-ìlú rẹ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ ní Kútọnu tó ní òun ti mọ Bẹ̀nẹ̀, àfi bí àlejò tó dé ọjà Ládípọ̀ tó ní òun ti mọ Nàìjíríà.

Ohun tí mò ń sọ ò ju báyìí lọ: ẹni tó máa gba orí ilẹ̀ láti Èkó, tí ọjọ́ tó ní ò ju mẹ́rin sí márùn-ún lọ, Bẹ̀nẹ̀ ni kó gbà lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tó wu kálukú. Ìṣirò ni.

Láti Èkó dé Kútọnu, nǹkan bíi kìlómítà 120 ni. Láti Èkó dé Accra, olú-ìlú Gánà, ó lé ní 450. Ṣùgbọ́n kìlómítà kọ́ ló ń pa èèyàn lójú ọ̀nà yẹn, bọ́dà ni. Bọ́dà kan péré ló wà láàárín Èkó àti Kútọnu, ìyẹn Sẹ̀mẹ̀. Ẹni tó ń lọ Accra á kọjá Sẹ̀mẹ̀, á kọjá Hillacondji láti Bẹ̀nẹ̀ bọ́ sí Tógò, á tún kọjá Aflao láti Lomé, olú-ìlú Tógò, bọ́ sí Gánà. Ní bọ́dà kọ̀ọ̀kan, òǹtẹ̀ méjì ni wọ́n ń lù sínú pásípọ́ọ̀tù: ti ilẹ̀ tí ẹ ń fi sílẹ̀ àti ti ilẹ̀ tí ẹ ń wọ̀. Ẹ bá mi kà á. Kútọnu, àlọ àtàbọ̀, òǹtẹ̀ 4. Accra, òǹtẹ̀ 12. Kí ẹ tò sórí ìlà lẹ́ẹ̀méjìlá pẹ̀lú ọmọ méjì tí òùngbẹ ń gbẹ, kí ẹ wá pè é ní ìgbafẹ́.

Bọ́ọ̀sì tó kó èèyàn 50 kì í yára ju ẹni tí ìwé rẹ̀ burú jù nínú wọn lọ. Ẹnì kan gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú sílé, pásípọ́ọ̀tù ẹnì kan ti kú láti oṣù mẹ́ta, ẹnì kẹta di ẹrù tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fẹ́ tú wò títí dé ìsàlẹ̀: gbogbo yín lẹ máa dúró dè wọ́n. Wákàtí 10 tí wọ́n ń dárúkọ fún yín ní páàkì, ọjọ́ tí ohun gbogbo bá dán mọ́rán ni. 12 sí 14 kì í ṣe ohun ìyanu.

Ó dáa, ẹ gbéra ní Jíbówú laago mẹ́fà àárọ̀ Fúráìdè, ẹ wọ Accra lálẹ́. Ọjọ́ kìíní ti lọ nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń torí ẹ̀ lọ, ìyẹn àwọn ilé olódi ìgbà òwò ẹrú ní Cape Coast àti Elmina, kò sí ní Accra. Cape Coast tún tó kìlómítà 150 síwájú, Kasoa sì wà lójú ọ̀nà, tí gosílóò ibẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá ti Ìyànà Ìpájà. Afárá olókùn Kakum tí wọ́n so mọ́ orí igi, tó gùn tó mítà 350, nǹkan bíi kìlómítà 30 ló tún fi jìnnà sí Cape Coast, nínú igbó lápá àríwá. Ẹni tó bá fẹ́ rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Sátidé kan ṣoṣo máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Sọ́ńdè, ẹ padà sí Accra. Mọ́ńdè, ẹ tún wà nínú bọ́ọ̀sì láti ìdájí. Aago Gánà sì fi wákàtí kan sẹ́yìn tiwa: lálọ, ẹ máa rò pé ẹ jèrè, lábọ̀, ó máa gbà á padà lọ́wọ́ yín. Nínú ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ kan àtààbọ̀ lẹ fojú rí Gánà. Ìyókù, ẹ̀yìn orí ẹni tó jókòó níwájú yín lẹ wò.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù nìyí: ọ̀nà kan náà ni. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn lọ Accra gba ẹ̀gbẹ́ Ouidah kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ Grand-Popo kọjá, Bẹ̀nẹ̀ ni méjèèjì wà, wọ́n sì ń sùn, wọ́n gbé orí ti wíńdò. Wọ́n ń sáré kọjá ibi ìgbafẹ́ lọ sí ibi ìgbafẹ́.

Ẹ wá wo Bẹ̀nẹ̀ fún iye ọjọ́ kan náà. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ wọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀ ní Máìlì Tú kó tó di aago mẹ́fà àárọ̀, kí títì Àgbádárìgì tó dì. Ẹ má wọ ọkọ̀ tó ní òun máa já yín sí Kútọnu gan-an. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní bọ́dà, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín kọjá, ẹ lu òǹtẹ̀ yín fúnra yín, kí ẹ tó wọ takisí níwájú ní Kraké, lápá Bẹ̀nẹ̀. Ìdí ni pé ọkọ̀ tó bá kó yín kọjá máa ń dúró de ẹrù, dírẹ́bà á sì fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù gbogbo yín lọ lu òǹtẹ̀ pa pọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí òǹtẹ̀ ẹnì kan bá fò, lọ́jọ́ àbọ̀ ni wọ́n máa bi í pé ibo ló gbà wọlé, ìdáhùn yẹn sì máa ń gbówó lórí.

Láti Kraké, ẹ kọ́kọ́ yà sí Àjàṣẹ́, kò jìnnà. Ẹni tó bá mọ Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó máa rò pé òun ò tíì kúrò nílé: àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́lé síbẹ̀ náà, mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 sì jọ ṣọ́ọ̀ṣì Brazil láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọgbọ̀n kìlómítà péré ló kù sí Kútọnu. Aago kan náà la jọ ń lò pẹ̀lú wọn, ẹ ò nílò láti yí nǹkan kan padà.

Ọjọ́ kejì, Ganvié láàárọ̀, Ouidah lọ́sàn-án. Ganvié ni ìlú orí omi tó wà lórí ọ̀sà Nokoué, èbúté Abomey-Calavi ni wọ́n ti ń wọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Ṣé Màkókó kọ́ nìyẹn?" Rárá o. Lóòótọ́, Ègùn ló pọ̀ jù ní Màkókó, ilé orí òpó ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ Ganvié dó, ogun ẹrú Dàhómì ni wọ́n sá fún. Ìtàn wọn ní ẹ̀sìn àwọn ọmọ ogun náà kò jẹ́ kí wọ́n jà lórí omi, bí ọ̀sà ṣe di odi wọn nìyẹn. Ẹ wo ẹ̀ka igi tí wọ́n gún sínú omi ní agbo-agbo bẹ́ẹ̀: akaja ni. Ẹja á wá sá pa mọ́ sáàárín ẹ̀ka, á máa jẹ ohun tó hù sára igi, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á fa igi jáde, wọ́n á kó ẹja. Oko ni, orí omi ló wà.

Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi ọlọ́kọ̀ ní èbúté kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sókè: ṣé owó yìí jẹ́ ti ọkọ̀ ni àbí ti orí kọ̀ọ̀kan? Ṣé àbọ̀ wà nínú ẹ̀? Ṣé ẹ́ńjìnnì ni àbí àjẹ̀? Ẹni tí kò bá béèrè, àárín omi ni wọ́n á ti ṣàlàyé fún un. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, nígbà táwọn obìnrin ṣì ń tajà nínú ọkọ̀ ojú omi, tí afẹ́fẹ́ ò sì tíì máa ru omi. Ẹ fi ọ̀rá wé fóònù yín. Ẹ má sì ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìtọrọ àyè, wọn kò fẹ́ ẹ, wọ́n á fi fìlà bojú.

Ouidah kò ju nǹkan bíi kìlómítà 40 lọ sí Kútọnu. Ilé òrìṣà Erè wà níbẹ̀, odi àwọn Potogí tí wọ́n kọ́ ní 1721 náà wà níbẹ̀, ọ̀nà táwọn ẹrú gbà dé etí òkun sì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin láti àárín ìlú. Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín bó bá ti lé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, torí kò sí ibòji púpọ̀. Bó bá jẹ́ ọdún òrìṣà ìbílẹ̀ wọn lẹ fẹ́ wò, àyíká ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ni, ṣùgbọ́n ẹ ti gba yàrá sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kẹta, Abomey, tó tó kìlómítà 140 sí Kútọnu. Ọmọ Yorùbá wo ni kò yẹ kó débẹ̀? Gezo, ọba Dàhómì, tó gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851, àti Glele ọmọ rẹ̀ tó tún padà wá ní 1864, ààfin wọn ló wà níbẹ̀ yẹn. UNESCO ti kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé láti 1985. Àwòrán tí wọ́n fi amọ̀ ṣe sára ògiri ń sọ ìtàn ogun kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àtúnṣe ń lọ níbẹ̀, torí náà, ẹ béèrè ní hòtẹ́ẹ̀lì ibi tó ṣí sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Ẹni tí ìrìn àjò yẹn bá pọ̀ jù fún àwọn ọmọ rẹ̀, kó kó wọn lọ Grand-Popo, kí wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sí ibi tí odò Mono ti pàdé òkun. Ẹ má ṣáà wẹ̀ nínú òkun. Omi tó ń fa èèyàn lọ ní etíkun Èkó ló ń fà á níbẹ̀, òun náà ló ń fà á ní Accra. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi òkun Gánà tàn yín.

Ní ti ìwé, kò sí físà, ọmọ ECOWAS ni wá, ọjọ́ 90 lẹ lè lò. Pásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS tó ṣì wà láàyè, tọmọdé tàgbà, ti kálukú lọ́tọ̀. Bí òbí kan ṣoṣo bá ń kó ọmọ lọ, kí ìkejì kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kì í gba iṣẹ́ títí ọjọ́ 10 á fi pé, nítorí náà, ẹni tó fẹ́ lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ tí kò tíì gbà á, ó ti pẹ́. Káàdì àtijọ́ tí wọ́n kọ ọdún 10 sí ṣì dáa: láti 2016, abẹ́rẹ́ kan ti tó títí ayé. Ẹ má ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́ ní páàkì, àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ̀ ọ́n.

Owó ńkọ́? Sẹfá ni wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, wọ́n so ó mọ́ yúrò, 655.957 sí ẹyọ kan, kì í jó kiri. Ẹni tó ń lọ Gánà máa tún ra sídì ní Aflao, ìyẹn náírà, sẹfá, sídì, àpò mẹ́ta. Ní Sẹ̀mẹ̀, ẹ bi ẹni mẹ́ta léèrè kí ẹ tó ṣẹ́ owó, ẹ ka tiwọn tán kí ẹ tó na tiyín. Ẹ dá owó tó ya padà lójú ẹsẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín níwájú. Ẹ gba 500 àti 1,000 púpọ̀, ọlọ́kadà Kútọnu kì í ní ṣéńjì 10,000. Ẹ wò ó dáadáa pé kì í ṣe sẹfá Kamẹrúùnù, nítorí ìyẹn ò wúlò níbẹ̀. Ẹ mú orí ṣájà ẹlẹ́nu róbótó méjì dání, ihò iná wọn ò gba tiwa.

"Faransé ni wọ́n ń sọ." Ẹ gbà mí o. Ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Pobẹ́, Yorùbá lẹ máa sọ títí ẹ ó fi sùn. Ní Kútọnu, ẹ kọ́ nọ́ńbà lédè Faransé dé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ó tó yín ra ohun gbogbo.

Mo gbà pé kò sí ohun tó dà bí Elmina ní Bẹ̀nẹ̀, odi òkúta tí wọ́n ti kọ́ láti 1482, pé òjò Accra kò tó tiwa, àti pé ẹni tó ń wá fàájì òru máa gbádùn Accra jù. Ẹ wọ bàálù lọ nígbà náà, kí ẹ lo ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ àbọ̀, ẹ kúrò ní Kútọnu kó tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, títì Àgbádárìgì ni ilẹ̀ máa ṣú yín sí. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó kì í gba sẹfá onírin, ẹ fi wọ́n ra búrẹ́dì gígùn yẹn ní Kraké kí ẹ tó kọjá. Kò ní kọjá bọ́dà kó má tíì dín.