Àtúnṣe: ìpele gíga nìkan kọ́ ní í mú ìṣirò ìṣàn omi péye

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé bí a bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ìṣàn omi, bí ìpele ọ̀nà ìṣirò (ìyẹn bí àṣìṣe rẹ̀ ṣe ń yára dínkù tó bí a bá ń pín ààyè sí wẹ́wẹ́) bá ṣe ga tó ni èsì yóò ṣe péye tó níbi gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ni níbi tí nǹkan bá ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

Ká ní a da aró sínú odò Ọbà, tí omi sì ń gbé e lọ kíákíá ju bó ṣe ń tàn ká lọ, etí aró náà yóò mú. Godunov, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Soviet, fi hàn ní 1959 pé kò sí ọ̀nà linear (èyí tí òfin ìṣirò rẹ̀ kì í yí padà bó ti wù kí èsì rí) tó ga ju ìpele kìíní lọ tó lè bọ́ lọ́wọ́ òkè àti kòtò èké ní irú etí bẹ́ẹ̀; iye aró nínú ìṣirò lè wá kéré sí òdo, ohun tí ojú kò rí rí. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá àwọn ọ̀nà bíi WENO, tí kì í ṣe linear, sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó fi ọ̀nà Lax–Wendroff, tó jẹ́ ìpele kejì, sún ìgbì onígun tí iye rẹ̀ jẹ́ 0 tàbí 1, pẹ̀lú nọ́ńbà Courant (ìwọ̀n àlàfo ìṣirò tí ìgbì ń rìn ní ìgbésẹ̀ kan) 0.5: yóò rí iye tó ju 1 lọ. Ọ̀nà Upwind, tó ń wo ibi tí ìṣàn ti ń bọ̀, tó sì jẹ́ ìpele kìíní, kò ní ju 1, àmọ́ yóò mú kí etí náà kú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà ti dé.